Ẹ Jẹ́ Kí Wọ́n Fojú Ara Wọn Rí Ẹ̀rí: Ìrírí Mi Lórí Fífi Àpilẹ̀kọ Ìwádìí Kọ́ Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Sáyẹ́ǹsì

Ẹ bi akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kejì tó ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá oníyè léèrè pé báwo la ṣe mọ̀ pé DNA ló ń gbé àbùdá òbí fún ọmọ. Á ní ó wà nínú ìwé. Ẹ ní kó ṣàlàyé síwájú sí i, á ní Hershey àti Chase ló ṣe é lọ́dún 1952: wọ́n lo bíléńdà, DNA wọnú bakitéríà, purotéènì dúró síta, ọ̀rọ̀ parí. Ìdáhùn yẹn máa gba máàkì nínú ìdánwò. Àmọ́ gbogbo ohun tó sọ iṣẹ́ náà di sáyẹ́ǹsì ti jábọ́ sọ́nà kí ọ̀rọ̀ tó dé etí ọmọ náà: iyèméjì àwọn tó ṣe é, iye tí kò gún régé, àti ohun tí wọ́n kọ̀ láti sọ nítorí pé ẹ̀rí ọwọ́ wọn kò tí ì gbé e.

Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí mo ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní ìmọ̀ jíìnì àti sẹ́ẹ̀lì. Ohun tí mo dì mú jù lọ nínú iṣẹ́ yìí ni pé akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọdọ̀ gboyè àkọ́kọ́ láìjẹ́ pé ó ti jókòó ti ojúlówó àpilẹ̀kọ ìwádìí, èyí tí àwọn tó ṣe iṣẹ́ náà fọwọ́ ara wọn kọ, kó sì tú u palẹ̀ títí á fi lè tọ́ka sí ibi tí ẹ̀rí dé àti ibi tí ẹ̀rí mọ. Kì í ṣe torí kó lè mọ ohun tuntun. Bó bá jẹ́ ti ká mọ nǹkan púpọ̀ láàárín àkókò kékeré ni, ìwé ẹ̀kọ́ dára ju àpilẹ̀kọ lọ fíìfíì. Ìwọ̀n ni àpilẹ̀kọ ń kọ́ni: báwo ló ṣe yẹ kí n gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́ tó, kí sì nìdí tí n kò fi gbọdọ̀ gbà á gbọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ? Ìròyìn ò tó àfojúbà.

Ẹ jẹ́ ká wo ti Hershey àti Chase náà dáadáa. Wọ́n fi súfúrù tó ń tan ìtànṣán, ìyẹn 35S, sàmì sára purotéènì fáírọ́ọ̀sì kan tó ń kọlu bakitéríà. Wọ́n sì fi fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì tó ń tan ìtànṣán, 32P, sàmì sára DNA rẹ̀. Wọ́n jẹ́ kí fáírọ́ọ̀sì náà lẹ̀ mọ́ bakitéríà, wọ́n wá dà á sínú bíléńdà kó lè gbọn ohun tó bá ṣẹ́kù síta kúrò lára bakitéríà. Nínú ìwé ẹ̀kọ́, àwòrán rẹ̀ mọ́ tónítóní: gbogbo súfúrù síta, gbogbo fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì sínú. Nínú àpilẹ̀kọ tí wọ́n tẹ̀ jáde nínú Journal of General Physiology, ohun tí wọ́n kọ ni pé ìdá 75 sí 80 nínú ọgọ́rùn-ún súfúrù ló bọ́ kúrò, ìdá 21 sí 35 nínú ọgọ́rùn-ún fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì náà sì bá a lọ.

Bí mo bá gbé iye wọ̀nyí síwájú kíláàsì, ara wọn kì í balẹ̀. Ẹnì kan á sọ̀rọ̀ sókè: "Mà, ìdá 20 súfúrù ṣì wà lára bakitéríà. Purotéènì tó ṣẹ́kù yẹn ńkọ́? Ta ló sọ pé òun kọ́ ló ṣiṣẹ́ náà?" Inú mi máa ń dùn tí ìbéèrè yìí bá jáde, torí pé ìbéèrè olùwádìí ni. N kì í dáhùn rẹ̀. Mo máa ń dá a padà fún wọn: bó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ ni làbù náà, kí lẹ máa ṣe láti fi mọ̀? Wọ́n á kórí jọ. Kò ní pẹ́ tí àwùjọ kan á fi ní kí a jẹ́ kí fáírọ́ọ̀sì náà bímọ, ká wá yẹ àwọn ọmọ wò, ká mọ èwo nínú àmì méjèèjì ló dé ara wọn. Ìgbà náà ni mo máa ń pín ojú-ewé tó kù. Hershey àti Chase ti ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́: súfúrù òbí tó dé ara àwọn ọmọ kò tó ìdá 1 nínú ọgọ́rùn-ún, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì tó dé ara wọn sì tó ìdá 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ tó dábàá àdánwò kan fúnra rẹ̀, tó wá rí i pé àwọn tó gbajúmọ̀ nínú iṣẹ́ náà ronú bí òun ṣe ronú, kò sí lẹ́kíṣọ̀ tí mo lè ṣe tó máa fún un ní irú ìgboyà bẹ́ẹ̀.

Ojú-ewé tó gbẹ̀yìn ló wá máa ń yà wọ́n lẹ́nu jù. Àwọn òǹkọ̀wé náà kò kéde pé DNA ni. Wọ́n ní ó dájú pé a lè pín fáírọ́ọ̀sì náà sí apá tó ń gbé àbùdá àti apá tí kò gbé e, àmọ́ pé kí a tó sọ irú kẹ́míkà tí apá àkọ́kọ́ yẹn jẹ́, àwọn ìbéèrè kan ṣì gbọ́dọ̀ rí ìdáhùn. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn olùwádìí mìíràn, Avery, MacLeod àti McCarty, ti gbé ẹ̀rí tó lágbára nípa DNA jáde láti ọdún 1944! Mo máa ń fi àkókò tó pọ̀ sílẹ̀ fún kíláàsì láti jiyàn lórí ìyẹn: ṣé ìbẹ̀rù ló mú wọn fọwọ́ rọra mú ọ̀rọ̀ náà ni, àbí òótọ́ ni pé ẹ̀rí wọn kò kọjá ibẹ̀? N kì í parí ìjiyàn náà fún wọn.

Àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi sábà máa ń bi mí pé irú àpilẹ̀kọ wo ló yẹ kí èèyàn mú. Ọ̀pọ̀ ló máa ń fẹ́ mú èyí tó jáde lóṣù tó kọjá, kí ọmọ lè mọ ohun tó ń lọ lágbàáyé. Fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, n kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Àpilẹ̀kọ òde òní lè ní àwòrán méje, kí àwòrán kọ̀ọ̀kan pín sí ọ̀nà mẹ́wàá, kí wọ́n tún kó èyí tó pọ̀ ju ìyẹn lọ sínú àfikún. Ọ̀nà ìṣiṣẹ́ tó wà nínú rẹ̀ lè pọ̀ débi pé ẹnì kan ṣoṣo nínú àwọn tó kọ ọ́ kò mọ gbogbo rẹ̀ ṣe. Ọmọ ọdún kejì tó bá dojú kọ irú rẹ̀ á gbà pé òun kò lọ́pọlọ. Àpilẹ̀kọ tí mo máa ń wá ni èyí tí mo lè sọ ìbéèrè rẹ̀ ní gbólóhùn kan, tí mo lè fi ṣọ́ọ̀kì ṣàlàyé ẹ̀rọ rẹ̀ lójú pátákó láàárín kíláàsì kan, tí àwòrán èsì rẹ̀ kò pọ̀, tó sì ní, ó kéré tán, ibì kan tí òǹkàwé olóye ti lè ta ko àwọn òǹkọ̀wé. Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn ló wúwo jù lójú mi. Àpilẹ̀kọ tí kò sí ohun tí a lè bá a jà sí, ìwé ẹ̀kọ́ ni, ẹ jẹ́ kó máa lọ.

Àwọn kan rò pé àpilẹ̀kọ Watson àti Crick lórí bí DNA ṣe rí, tó jáde nínú jọ́nà Nature ní April 25, 1953, ló dára jù fún ìbẹ̀rẹ̀ torí pé ó kúrú. Kò ju ojú-ewé kan àti díẹ̀ lọ. Kíkúrú kọ́ ni ìrọ̀rùn. Àpilẹ̀kọ yẹn kò ní èsì àdánwò tí ọmọ lè tú wò. Àwòrán kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, àwọn òǹkọ̀wé fúnra wọn sì sọ pé àfiṣàpèjúwe lásán ni. Inú àpilẹ̀kọ méjì tó tẹ̀ lé e nínú jọ́nà kan náà ni ẹ̀rí X-ray wà, ti Wilkins àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, àti ti Franklin àti Gosling. Ohun tí mo máa ń fi ti Watson àti Crick kọ́ ni bí a ṣe ń jiyàn lórí ìwé. Wọ́n kọ́kọ́ sọ ìdí tí wọn kò fi gba àwòṣe DNA tí Pauling àti Corey gbé jáde, tó ní okùn mẹ́ta: fọ́sífétì tó wà láàárín rẹ̀ á máa ti ara wọn dànù, àwọn átọ́ọ̀mù kan sì súnmọ́ra jù. Wọ́n gbé tiwọn tó ní okùn méjì kalẹ̀. Nígbà tó wá ku díẹ̀ kí wọ́n parí, wọ́n fi gbólóhùn kan péré fọwọ́ kan bí DNA ṣe lè máa ṣe ẹ̀dà ara rẹ̀, wọ́n sì kúrò níbẹ̀. Mo máa ń bi kíláàsì pé irú àdánwò wo ló máa sọ gbólóhùn yẹn di ohun tí a lè gbà gbọ́. Ìbéèrè yẹn ló ń gbé wa dé ọ̀dọ̀ Meselson àti Stahl, 1958, àpilẹ̀kọ tí mo fẹ́ràn láti fi kọ́ni ju gbogbo àwọn yòókù lọ.

Bí mo ṣe ń ṣe é rèé. N kì í pín àpilẹ̀kọ náà. Ìbéèrè nìkan ni mo kọ́kọ́ máa ń gbé wá: bí DNA bá ṣe ẹ̀dà ara rẹ̀, kí ló ń ṣẹlẹ̀ sí ti àtijọ́? Ọ̀nà mẹ́ta ni èèyàn lè rò. Ó lè jẹ́ pé ti àtijọ́ dúró lódindi, tuntun sì jáde lódindi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ti àtijọ́ pín sí méjì, tí ìdajì kọ̀ọ̀kan wá so pọ̀ mọ́ ìdajì tuntun. Ó sì lè jẹ́ pé ti àtijọ́ gé wẹ́wẹ́, ó dà pọ̀ mọ́ tuntun káàkiri. Lẹ́yìn náà ni mo máa ṣàlàyé ọ̀nà ìṣiṣẹ́ wọn. Wọ́n gbin bakitéríà E. coli sínú oúnjẹ tó ní nítrójìn tó wúwo, 15N, fún ìran 14, kí DNA rẹ̀ lè wúwo. Wọ́n wá da nítrójìn tó wọ́pọ̀, 14N, sí i, wọ́n sì ń yọ díẹ̀ níbẹ̀ lóòrèkóòrè. Wọ́n fi DNA náà sínú omi sísíọ̀mù kíláráìdì, wọ́n fi sẹ́ńtírífúùjì yí i bírí bírí fún nǹkan bí 20 wákàtí, títí DNA kọ̀ọ̀kan fi dúró síbi tí ìwúwo omi náà bá tirẹ̀ mu. Tí mo bá ti ṣàlàyé ìyẹn tán, mo máa ní kí wọ́n mú bébà, kí wọ́n ya ohun tí wọ́n retí láti rí lẹ́yìn ìran kan àti lẹ́yìn ìran méjì, fún ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àwòrán mẹ́fà. Ìgbà tí gbogbo ọmọ bá ní àwòrán mẹ́fà lọ́wọ́ ni mo tó máa fi èsì hàn wọ́n.

Èsì náà kò dára lójú. Ìlà dúdúdúdú lórí fíìmù ni, pẹ̀lú gíráàfù tó ń gòkè tó ń sọ̀ kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Mo máa ń gé àlàyé abẹ́ àwòrán kúrò, iye ìran nìkan ni mo máa ń fi sílẹ̀: 0, 0.3, 0.7, 1.0, títí dé 4.1. Òfin kan ṣoṣo ló wà: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ pé "ó túmọ̀ sí" kó tó ti sọ pé "mo rí". Ẹ ò lè gbà gbọ́ bí èyí ṣe máa ń nira tó. Ọmọ kan á dìde, á ní òun rí i pé ìdajì àtijọ́ ló so mọ́ ìdajì tuntun.

"Níbo lo ti rí ìyẹn? Fi ìka tọ́ka sí i."

Á tọ́ka sí 1.0.

"Kí ló wà níbẹ̀?"

"Ìlà ni, mà."

"Ìlà mélòó?"

"Ọ̀kan."

"Ṣé ibi tí ti 0 wà náà ló wà?"

"Rárá mà, ó ti sún sápá òsì."

Ohun tó rí nìyẹn. Ìlà kan ṣoṣo tó ti sún. Kò sí ìlà kankan níbi tí èyí tó wúwo wà tẹ́lẹ̀, kò sì tí ì sí níbi tí èyí tó fúyẹ́ máa wà. Ó wá máa wo bébà rẹ̀, á rí i pé ìyẹn ti lé ọ̀nà kìíní dànù pátápátá, torí pé ọ̀nà kìíní ń retí ìlà méjì. Àmọ́ ọ̀nà kejì àti ìkẹta ṣì wà lórí ìjókòó, àwọn méjèèjì ló ń retí ìlà kan ní àárín. Ìgbà tí wọ́n bá dé ìran tó súnmọ́ 2 ni ọ̀rọ̀ yóò tó yanjú: ìlà méjì ló jáde níbẹ̀, ọ̀kan ní àárín, ọ̀kan níbi tó fúyẹ́. Bó bá jẹ́ pé wẹ́wẹ́ ló dà pọ̀, ìlà kan náà ni ì bá máa sún lọ díẹ̀díẹ̀.

Ibi tí mo fẹ́ràn jù nínú àwòrán yẹn ni fíìmù méjì tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, tí ìwé ẹ̀kọ́ kì í fi hàn rárá. Meselson àti Stahl po DNA ìran 0 pọ̀ mọ́ ti ìran 1.9, wọ́n sì tún po ti 0 pọ̀ mọ́ ti 4.1. Mo máa ń bi wọ́n pé kí ni wọ́n fẹ́ fi àdàlù ṣe. Ìdákẹ́jẹ́ máa ń wà. Nínú sáà kan, ọmọ kan tí kì í sọ̀rọ̀, tí máàkì rẹ̀ nínú ìdánwò kì í dára, ló nawọ́: "Mà, ní 1.9, èyí tó wúwo ti tán. Kò sí ohun tí wọ́n máa fi mọ̀ bóyá ìlà àárín wà ní àárín lóòótọ́." Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Èyí tó wúwo gbọ́dọ̀ wà lórí fíìmù kan náà kí a tó lè wọ̀n ọ́n, ìgbà tí wọ́n sì wọ̀n ọ́n, ìlà àárín wà ní ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún ọ̀nà tó wà láàárín méjèèjì, kò fi ju ìdá 2 lọ síhìn-ín tàbí sọ́hùn-ún. Ọmọ yẹn ti lóye ohun tí wíwọ̀n jẹ́. Ìdánwò tí à ń fún wọn tẹ́lẹ̀ kò béèrè irú òye bẹ́ẹ̀ rí, ìyẹn ni kò fi hàn.

Níbí náà, àwọn òǹkọ̀wé mọ ibi tó yẹ kí wọ́n dúró. Wọ́n ní èsì àwọn fi hàn pé DNA pín sí ẹ̀yà méjì tó dọ́gba, àti pé ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ń wà lódindi láti ìran dé ìran. Wọ́n kọ̀ láti fọwọ́ sọ̀yà pé ẹ̀yà méjì yẹn ni okùn méjì Watson àti Crick. Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ló ti mọ̀ láti ilé-ẹ̀kọ́ girama pé òun ni, ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń ní kí wọ́n fi àwòrán tó wà níwájú wọn nìkan gbè é lẹ́sẹ̀. Wọn kì í lè ṣe é, wọ́n sì máa ń rí ìdí tí wọn kò fi lè ṣe é.

Kí ló dé tí n kì í jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ ka àkótán tó máa ń wà níwájú àpilẹ̀kọ? Ẹni tí a bá ti já àlọ́ fún kò tún ní ronú sí i mọ́. Bí ọmọ bá ti ka ìparí iṣẹ́, ojú tó fi máa wo àwòrán kì í ṣe ojú tirẹ̀ mọ́. Ohun tí wọ́n ní kó rí ló máa rí. Ọ̀rọ̀ yìí ti wá le sí i báyìí tí ẹ̀rọ AI lè fún èèyàn ní àkópọ̀ àpilẹ̀kọ kí ó tó ṣẹ́jú. Àwọn kan lára àwọn ẹlẹgbẹ́ mi fẹ́ kí a fòfin dè é. Èmi kò bá ìyẹn lọ. Ohun tí mo ṣe ni pé mo gbé iṣẹ́ gan-an wá sínú kíláàsì: àwòrán lórí bébà, pẹ́ńsù lọ́wọ́, ìka lórí ìlà, ẹni tó jókòó tì ọ́ tó ń bá ọ jiyàn. Àkópọ̀ kò lè ràn ẹ́ lọ́wọ́ nígbà tí mo bá ní kí o fi ìka tọ́ka sí i.

Ìdí kan náà ni n kò fi fara mọ́ àṣà kí a pín àpilẹ̀kọ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, kó wá dúró níwájú kíláàsì pẹ̀lú páwápọ́íntì. Fún àwọn tó ń ka oyè gíga, ó dára. Fún ọdún kejì àti ìkẹta, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ á tún àkótán kà fún wa, àwọn yòókù á máa wo aago. Àpilẹ̀kọ méjì tàbí mẹ́ta ní sáà kan, tí gbogbo kíláàsì jọ jẹun jíjẹ, sàn ju ogún tí ẹnì kọ̀ọ̀kan gbé mì lọ.

Ọ̀nà kan wà tí mo yá nǹkan lára rẹ̀, mo sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó gbé e jáde. Lọ́dún 2007, Sally Hoskins àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ kọ sínú jọ́nà Genetics nípa ohun tí wọ́n pè ní CREATE, tí wọ́n lò ní City College of New York. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn ń ka àpilẹ̀kọ mẹ́rin tó jáde ní tẹ̀léǹtẹ̀lé láti làbù kan náà. Kí wọ́n tó ka èyí tó kàn, wọ́n gbọ́dọ̀ dábàá àdánwò tó yẹ kó kàn, kí wọ́n sì jókòó bí ìgbìmọ̀ tó ń pín owó ìwádìí láti yan èyí tó dára jù. Wọ́n tún ń fi ìbéèrè ránṣẹ́ sí àwọn tó kọ àpilẹ̀kọ náà. Ìgbìmọ̀ yẹn ni mo yá. Nígbà tí ọmọ ogún ọdún bá ní láti sọ ìdí tí àdánwò ẹlòmíì fi yẹ kó gba owó ju tirẹ̀ lọ, ojú rẹ̀ á là sí ohun tó ń mú àdánwò dára.

Apá tí akẹ́kọ̀ọ́ máa ń fò jù ni ọ̀nà ìṣiṣẹ́, lẹ́yìn rẹ̀ ni àtẹ tó kún fún iye. Fún àtẹ, Mendel, ẹni tó fi ẹ̀wà pí ṣèwádìí bí àbùdá ṣe ń ti ara òbí dé ara ọmọ, ni mo máa ń lò. Ó ka iṣẹ́ rẹ̀ fáwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní 1865, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1866. Gbogbo ọmọ ló mọ̀ pé mẹ́ta sí ọ̀kan ló rí. Wọ́n tiẹ̀ lè ti rí iye àpapọ̀ rẹ̀: irúgbìn ẹ̀wà pí 5474 tó rí rogodo sí 1850 tó hunjọ. Ohun tí wọn kò rí rí ni àtẹ tí Mendel fi ọ̀gbìn mẹ́wàá àkọ́kọ́ hàn lọ́kọ̀ọ̀kan: 45 sí 12, 27 sí 8, 24 sí 7, 19 sí 10, 32 sí 11, 26 sí 6, 88 sí 24, 22 sí 10, 28 sí 6, 25 sí 7. Mo máa ń ní kí wọ́n ṣe ìṣirò rẹ̀. Ọ̀kan kò pé méjì sí ọ̀kan, òmíràn ju mẹ́rin sí ọ̀kan lọ. Mendel tún sọ pé òun rí ọ̀gbìn kan tó ní 43 sí 2, àti òmíràn tó ní 14 sí 15. "Bó bá jẹ́ ọ̀gbìn 14 sí 15 yẹn nìkan lo ní lọ́wọ́, kí lo máa sọ?" Kíláàsì á pa lọ́lọ́. Kò sí ẹ̀kọ́ ìṣirò onísítátísítíìkì tó jinlẹ̀ tó èyí fún ọmọ tí kò fẹ́ràn ìṣirò: ó rí i pé òfin ń fara pa mọ́ sínú rúdurùdu, àti pé kíkà púpọ̀ ló ń yọ ọ́ síta. Lẹ́yìn náà ni mo máa sọ fún wọn pé ní 1936, Fisher tó jẹ́ àgbà nínú ìmọ̀ sítátísítíìkì kọ̀wé pé àpapọ̀ èsì Mendel ti bá ìretí mu jù, ju bí oríire ṣe lè mú un bá a mu lọ. Ìjiyàn lórí ìyẹn kò tán títí dòní. Mo máa ń jẹ́ kí àwọn náà dá sí i.

Nípa àwọn ọ̀pá kéékèèké tó máa ń wà lórí gíráàfù, ọ̀rọ̀ mi kò pọ̀: ẹ kọ́ wọn láti máa ka àlàyé abẹ́ rẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Ọ̀pá tó ń sọ bí èsì ṣe fọ́n ká àti ọ̀pá tó ń sọ bí a ṣe mọ àárín rẹ̀ dájú tó kì í ṣe ọ̀kan náà. Èyí kejì máa ń kéré sí i bí iye ohun tí a wọ̀n bá ṣe ń pọ̀ sí i, ojú lásán kò sì lè ya méjèèjì sọ́tọ̀.

Ohun kan tó ràn wá lọ́wọ́ gan-an ni pé mo gbà kí àwùjọ kọ̀ọ̀kan jiyàn ní èdè tó bá yá wọn lẹ́nu jù. Àpilẹ̀kọ wà ní Gẹ̀ẹ́sì, ìdáhùn tí wọ́n máa kọ náà á wà ní Gẹ̀ẹ́sì, àmọ́ àárín méjèèjì, níbi tí ìrònú wà, kí wọ́n sọ ọ́ bó ṣe wá. Àwọn tí mo rò pé wọn kò mọ nǹkan kan ni wọ́n ń já ara wọn ní koro lórí ìlà kan nínú gíráàfù.

Rírí àpilẹ̀kọ kì í ṣe ìṣòro bíi ti àtijọ́. PubMed Central ti wà láti ọdún 2000, ọ̀fẹ́ ni, àwọn àpilẹ̀kọ àtijọ́ tó pọ̀ sì wà níbẹ̀. Ẹgbẹ́ AAAS tó ń tẹ jọ́nà Science ní ojúlé kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n pè ní Science in the Classroom, tí wọ́n ti ṣàlàyé àwọn ọ̀rọ̀ tó le sí ẹ̀gbẹ́ àpilẹ̀kọ fún akẹ́kọ̀ọ́. Ó wúlò fún iṣẹ́ ilé.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí n kò gbọdọ̀ fò. Bí ọmọ bá ti ń bọ̀wọ̀ fún àpilẹ̀kọ, ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé ohunkóhun tó bá ti wà nínú jọ́nà, òótọ́ ni. Fún ìdí yìí, mo máa ń mú àpilẹ̀kọ tó jáde nínú The Lancet ní 1998 wá, èyí tó so abẹ́rẹ́ àjẹsára èèyì mọ́ ọ̀tísíìmù, tí jọ́nà náà fagi lé ní 2010. N kò ní sọ fún wọn pé wọ́n ti fagi lé e. Apá ọ̀nà ìṣiṣẹ́ ni mo máa ń kọ́kọ́ fún wọn. Ọmọ 12 péré, tí wọ́n tọ́ka wọn wá sí ilé ìwòsàn kan ṣoṣo, kò sí àwùjọ ọmọ tí wọn kò fún ní abẹ́rẹ́ náà tí a lè fi wọ́n wé. Mo máa bi wọ́n pé: ká tiẹ̀ ní gbogbo ohun tó wà níbí jẹ́ òtítọ́, kí ni irú iṣẹ́ yìí lè sọ fún wa nípa ohun tó fa àìsàn? Wọ́n máa ń dáhùn pé kò lè sọ nǹkan kan. Wọ́n ti dé ibẹ̀ kí wọ́n tó gbọ́ ìtàn tó tẹ̀ lé e, èyí tó ba ọ̀pọ̀ ìdílé lọ́kàn jẹ́ tó sì mú kí àwọn òbí sá fún abẹ́rẹ́. Èyí ká mi lára gan-an. Àwọn ọmọ yìí ló máa di òbí, nọ́ọ̀sì, olùkọ́ àti oníròyìn lọ́la, wọ́n sì máa ní láti dáhùn nígbà tí aládùúgbò bá fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ hàn wọ́n lórí fóònù.

Bí a bá kọ́ wọn báyìí tán, tí a wá fún wọn ní ìdánwò tó ń béèrè ọdún àti orúkọ, a ti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Nínú ìdánwò tèmi, àwòrán tí wọn kò rí rí ló máa ń wà níbẹ̀, pẹ̀lú àlàyé abẹ́ rẹ̀. Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni kí lo rí. Èkejì ni kí lo lè sọ. Ẹ̀kẹta ni kí ni àwòrán yìí kò lè sọ fún wa. Ẹ̀kẹta ló ní máàkì tó pọ̀ jù. Bí kíláàsì bá pọ̀, mo máa ń pín wọn sí mẹ́rin mẹ́rin, mo sì máa ń fún àwùjọ kọ̀ọ̀kan ní bébà kan ṣoṣo kí wọ́n lè fẹnu kò kí wọ́n tó kọ ọ́. Iṣẹ́ máàkì á dín kù, ìjiyàn á sì pọ̀ sí i.

Ní sáà tó ń bọ̀, mo fẹ́ kí àwọn ọdún kẹta ka àpilẹ̀kọ kan ní ọ̀nà méjì: bó ṣe wà ní bioRxiv, ojúlé íńtánẹ́ẹ̀tì tí àwọn olùwádìí ń gbé iṣẹ́ wọn sí, kí àwọn alágbèéyẹ̀wò jọ́nà tó rí i, àti bó ṣe wà nínú jọ́nà lẹ́yìn tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò tán. Wọ́n á kọ́kọ́ kọ àtakò tiwọn sí ti àkọ́kọ́, wọ́n á wá wá ibi tí èkejì ti yàtọ̀: àdánwò wo ni wọ́n fi kún un, gbólóhùn wo ni wọ́n dẹ̀ díẹ̀, àwòrán wo ló pòórá. Mo ṣì ń wá èyí tí ẹ̀rọ rẹ̀ kò ní gbà wá ní ju kíláàsì kan lọ láti ṣàlàyé.